Ọfà ń dá rìn lójú kọ̀ǹpútà mi

Ìyá Aládìrẹ ti Ìtókú, ẹ pẹ̀lẹ́, mà.

Ẹ ní ọkùnrin kan pè yín, ó ní Microsoft lòun ti ń pè, pé fáírọ́ọ̀sì ti wọ kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń kọ orúkọ oníbàárà. Ó ní kí ẹ ṣí ojú ewé kan, àmì pupa sì kún ibẹ̀. Ó ní kí ẹ gba AnyDesk sílẹ̀, ètò tó ń jẹ́ kí ẹni tó wà níbòmíràn máa darí kọ̀ǹpútà ẹni; ká tó wí ká tó fọ̀, ọfà ojú kọ̀ǹpútà ti ń dá rìn. Ẹ ṣí báńkì yín kí ẹ lè san ₦5,000 owó àtúnṣe, ẹ ka nọ́ńbà ìdánilójú mẹ́fà tí báńkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín fún un, ₦185,000 bá lọ. Ojú ń tì yín láti sọ fún ọmọ yín obìnrin tó ra kọ̀ǹpútà náà.

Àmì pupa yẹn ló mú yín, mà. Mo ṣí ojú ewé yẹn lórí tèmi náà láàárọ̀ yìí. Event Viewer ni wọ́n ń pè é. Pupa rẹpẹtẹ! Kò sì sí nǹkan kan tó ṣe kọ̀ǹpútà mi. Gbogbo ohun tí kò bá lọ geere ni ẹ̀rọ máa ń kọ síbẹ̀, bó ti wù ó kéré mọ. Bí ẹni tó ka ìwé ọjà yín, tó rí "aró ò mú" lẹ́ẹ̀mẹta, tó wá ń pariwo pé ṣọ́ọ̀bù ti jóná. Microsoft kì í dédé pe èèyàn pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń ṣàìsàn.

Ẹ yọ íntánẹ́ẹ̀tì kúrò lára rẹ̀, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá yín yọ AnyDesk. Ẹ lọ sí báńkì fúnra yín kí ilẹ̀ tó ṣú: kí wọ́n ti àkáǹtì yín pa ná, kí wọ́n kọ ẹ̀sùn yín sílẹ̀. Bí owó náà bá ṣì wà níbi tó bọ́ sí, wọ́n lè dè é mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọjá sọ́dọ̀ ọlọ́pàá ní Eléwéẹran. Mi ò ṣèlérí pé owó á padà o.

Ìparí lẹ́tà yín gan-an ló já mi láyà. Ẹ ní ẹlòmíràn pè yín lánàá, ó ní agbẹjọ́rò lòun, òun á bá yín gba owó náà bí ẹ bá san ₦25,000. Ta ló sọ fún un? Ẹ ò sọ fún ọmọ, ẹ ò sọ fún báńkì. Èmi tí ẹ kọ̀wé sí àti olè yẹn nìkan ló mọ̀, èmi ò sì pe agbẹjọ́rò kankan. Ẹ má san kọ́bọ̀.

Ẹ pe ọmọ yín lálẹ́ òní. Bó bá pariwo, ẹ jẹ́ kó pariwo tán, kí ẹ wá fún un ní nọ́ńbà "agbẹjọ́rò" yẹn.