Ẹ ka tọ́ọ̀nù, ẹ má ka dọ́là

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ẹ̀pẹ́. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń kọ́ wa bí a ṣe ń kó ọjà wọlé fi àwòrán hàn wá pé dọ́là tí Fínlándì ń pa lórí bébà àti páálí já wálẹ̀ gan-an láàrin 2014 sí 2015. Ó ní ilẹ̀ náà ti kógbá sílé, pé kí a san owó àsansílẹ̀ fún òun, òun á bá wa rà á ní Swídìn. Ṣé ká san án?

Ìdáhùn: Ẹ má san kọ́bọ̀. Ó ti tó ẹni márùn-ún tó ti bi mí ní irú èyí, inú sì ń bí mi, torí owó tí ẹ fi òógùn wá ni wọ́n fẹ́ gbà.

Dọ́là ni ọ̀gbẹ́ni yẹn kà, kò ka bébà. Yúrò ni owó Fínlándì. Ní 2014, yúrò kan jẹ́ nǹkan bíi dọ́là 1.33. Ní 2015, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 1.11. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan ní Fínlándì ta ọjà 1,000 yúrò lọ́dún méjèèjì: wọ́n á kọ dọ́là 1,330 sílẹ̀ fún ọdún àkọ́kọ́, 1,110 fún èkejì. Ewé bébà kan ṣoṣo ò dín níbẹ̀. Owó Swídìn náà wálẹ̀ sí dọ́là lọ́dún yẹn. Ká ní ọ̀gbẹ́ni yẹn fi ìlà Swídìn sí ẹ̀gbẹ́ ti Fínlándì nínú àwòrán rẹ̀ ni, ẹ ò bá rí i pé òun náà já.

Ẹ gbé ríìmù A4 oní-gíráàmù 80 kan sórí ìwọ̀n nínú ṣọ́ọ̀bù yín. Kílò méjì ààbọ̀ ni. Ríìmù 400 ló pé tọ́ọ̀nù kan. Ṣé ríìmù 400 yín lè di 334, bí dọ́là 1,330 ṣe di 1,110, torí pé dọ́là gbówó lórí? Tọ́ọ̀nù ni kí ẹ máa bi wọ́n, kí ẹ sì bi wọ́n pé irú bébà wo. Abẹ́ nọ́ńbà 48 ni kọ́sítọ́ọ̀mù ń to gbogbo rẹ̀ sí: bébà ìwé ìròyìn (4801), tíṣù (4818), páálí tí a ti ṣe (4819), ìwé tí ọmọ iléèwé fi ń kọ iṣẹ́ (4820). Ìlà kan ṣoṣo ò lè sọ èyí tó ń kú nínú wọn.

Mi ò sọ pé nǹkan kan ò ṣe Fínlándì o. Ní 2006, bébà àti páálí tí wọ́n ṣe lé ní mílíọ̀nù 14 tọ́ọ̀nù. Bébà ìwé ìròyìn àti ti màgasíìnì pọ̀ nínú rẹ̀, fóònù sì ti gba èyí lọ́wọ́ wọn. Ilé-iṣẹ́ bébà Kaipola níbẹ̀ ti ilẹ̀kùn ní 2020. Ní 2021, Stora Enso, ilé-iṣẹ́ bébà ńlá kan, ti ẹ̀ka rẹ̀ ní Veitsiluoto pa ní Fínlándì, ó sì ti ti Kvarnsveden pa ní Swídìn. Ọdún kan náà, ilé-iṣẹ́ kan náà! Ẹ̀ka rẹ̀ ní Oulu, ní Fínlándì, ní tiẹ̀ fi bébà sílẹ̀ ní 2020, ó bẹ̀rẹ̀ páálí ní 2021. Ẹni tó bá sì mú 2022 nìkan wò, ó ti ṣì í, torí àwọn òṣìṣẹ́ UPM, ilé-iṣẹ́ bébà ńlá mìíràn, yan iṣẹ́ lódì ní Fínlándì láti January di April.

Ojú ọ̀sà tiwa yìí náà ni Ìwòpìn wà, níbi tí ìjọba ti fẹ́ kí a máa ṣe bébà fúnra wa, tí wọ́n gbin igi gmelina sí igbó Ọmọ nítorí rẹ̀. Ó ń dùn mí tí mo bá rántí.

Ní ti ọjà yín, iye tí orílẹ̀-èdè kan tà lápapọ̀ ò sọ iye tí ẹ máa rà á. Ẹ béèrè gíráàmù, ìwọ̀n ewé, iye owó tọ́ọ̀nù kan, àti bóyá owó ọkọ̀ dé Èkó wà nínú rẹ̀. Ẹ gba Form M, ìwé tí a fi ń sọ ọjà tí a fẹ́ kó wọlé, ní báńkì kí wọ́n tó di ẹrù. Èmi ò rí ìwé àdéhùn yín, nítorí náà ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi nìkan ṣe é: ẹ fi han báńkì àti ajẹ́nti tó ní láísẹ́ńsì. Bí ẹ bá sì ti fún ọ̀gbẹ́ni yẹn ní nǹkan kan, òní ni kí ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ rẹ̀.