Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wo ló ń fi hàn pé ara ti ń kọ ìnsúlínì?

Ẹ ní ṣúgà yín kò ga láàárọ̀, ẹ wá ń bèèrè bóyá ìnsúlínì, èròjà ara tó ń mú ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ń ṣiṣẹ́ dáadáa lára yín. Kò fi dandan rí bẹ́ẹ̀ o. Bí ara bá ń kọ ìnsúlínì, pancreas tó ń pèsè rẹ̀ á máa tú púpọ̀ sí i jáde kí ṣúgà má baà gòkè, ó sì lè ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìwọ̀n ìnsúlínì fúnra rẹ̀, tí wọ́n gbà kí ẹ tó jẹun, ló ń tú àṣírí. Ìṣirò HOMA-IR, tó ń díwọ̀n bí ara ṣe ń kọ ìnsúlínì tó, ti wà láti 1985, ó sì rọrùn: ẹ fi ìnsúlínì ní µU/mL sọ ṣúgà ní mg/dL di púpọ̀, kí ẹ fi 405 pín in. Ṣúgà 95 pẹ̀lú ìnsúlínì 18 jẹ́ 4.2. Ṣúgà yẹn dára lójú, àmọ́ 4.2 ti ga.

Àwọn kan máa ń wo triglyceride (ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀) tó ga pẹ̀lú HDL (kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tó dára) tó kéré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra níbí: ara àwa aláwọ̀ dúdú lè máa kọ ìnsúlínì kí triglyceride wa má sì ga rárá. Mi ò fẹ́ kí ìyẹn fi ẹnikẹ́ni lọ́kàn balẹ̀ lásán.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ HbA1c ń sọ bí ṣúgà ti rí láti bí oṣù mẹ́ta; 6.5% sókè ni àtọ̀gbẹ. Ó lè ṣini lọ́nà bí èèyàn bá jẹ́ SS.

Ẹni tó ti ń gún abẹ́rẹ́ ìnsúlínì, àyẹ̀wò C-peptide ni kó béèrè lọ́wọ́ dókítà, torí òun ló ń fi ìnsúlínì tí pancreas fúnra rẹ̀ ń pèsè hàn, kì í ṣe ti abẹ́rẹ́.