Sányán ni ẹbí yàn, mo sì dúdú: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìgbéyàwó àbúrò ọkọ mi ń bọ̀, aṣọ òkè sányán, aláwọ̀ búráùn fẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, ni ẹbí yàn fún àwa obìnrin ilé. Mo dúdú gan-an, mo kúrú, àyà mi sì tóbi. Ọ̀rẹ́ mi ní àwọ̀ yẹn máa pa ojú mi rẹ́, pé kí n yáa ra tèmi lọ́tọ̀. Ṣé òótọ́ ni? Sitáìlì wo ni kí n rán?

Ìdáhùn: Má ra òmíràn o, àbúrò mi. Ìyàwó tó bá dá wọ tirẹ̀ lọ́tọ̀ níbi ìnáwó ẹbí ọkọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í tán nílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ gan-an ló ṣì í. Ẹni tí sányán máa ń pa ojú rẹ̀ rẹ́ ni apọ́nbéporẹ́, nítorí àwọ̀ aṣọ náà súnmọ́ àwọ̀ ara rẹ̀ jù. Èèyàn ò ní mọ ibi tí ọrùn parí sí tí bùbá ti bẹ̀rẹ̀. Adúmáadán bíi tìrẹ ló ń gbé sányán yọ. Ká ní ẹtù ni wọ́n yàn, tí aró rẹ̀ dúdú kirimú, mi ò bá sọ pé kí o fi nǹkan funfun sí ọrùn.

Ṣùgbọ́n má gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ lásán. Láàárọ̀, kí o tó lé àtíkè, mú aṣọ náà jáde síta, nítorí iná ilé ìtajà máa ń parọ́. Gbé e sí abẹ́ àgbọ̀n rẹ níwájú dígí, kí o wá fi aṣọ mìíràn tó jẹ́ pupa àlàárì dípò rẹ̀. Ojú rẹ ni kí o máa wò, má wo aṣọ. Èyí tó bá jẹ́ kí abẹ́ ojú rẹ ṣókùnkùn, tó dà bí ẹni pé o ò sùn, jẹ́ kó jìnnà sí ọrùn. Tó bá jẹ́ sányán náà ló ṣe bẹ́ẹ̀, gèlè àlàárì àti ìlẹ̀kẹ̀ iyùn yóò yanjú ẹ̀. Bí ẹbí bá ti yan gèlè, iyùn nìkan náà tó.

Ti sitáìlì ni mo fẹ́ kí o fiyè sí jù. Aṣọ òkè nípọn, tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n sì ń hun ún kí wọ́n tó rán an pọ̀. Sọ fún aránṣọ pé kí ojú rírán náà dúró lóòró láti èjìká wálẹ̀. Bó bá dùbúlẹ̀, á mú kí o fẹ̀. Má jẹ́ kó ṣẹ́ ohunkóhun jọ sí àyà. Ọrùn tó ṣí wálẹ̀ bíi V ló dáa fún ọ. Apá bùbá kò gbọdọ̀ parí ní ọ̀gangan ọmú, torí ibẹ̀ gan-an ni ojú á máa lọ. Jẹ́ kó kọjá ìgúnpá díẹ̀. Kí bùbá náà má kọjá egungun ìbàdí, torí bùbá gígùn máa ń gé ẹni kúkúrú sí méjì.

Ìró olékù, èyí tó mọ ní orúnkún, wà níbẹ̀ bí ẹbí ò bá ní wò ọ́ lójú burúkú. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wé ìró gígùn dé ọrùn ẹsẹ̀, kí o ró o sókè díẹ̀. Ìpèlé, èjìká ni kó wà. Tó bá wà ní ìdí, ìbàdí á wú. Gèlè tó fẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀ náà máa ń jẹ ọrùn.

Tó bá jẹ́ kọ́sẹ́ẹ̀tì tó lòde báyìí lo fẹ́, ó ṣeé ṣe, àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ líle ni lára aṣọ òkè. Kọ́mú tí o máa wọ̀ lọ́jọ́ náà ni kí o wọ̀ lọ síbi ìwọ̀n. Kí wọ́n wọn òkè àyà, ojú àyà, àti ìsàlẹ̀ àyà, kí o sì wọ aṣọ náà wò kí wọ́n tó lẹ òkúta dídán sí i. Bí aránṣọ bá ní ìwọ̀n rẹ ti wà nínú ìwé òun látìgbà ìkómọ tó kọjá, ní kó tún ọ wọ̀n.