Ẹ Bi Wá: Eré Ọmọdé Tó Ń Rìnrìn Àjò lọ sí Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Eré ọmọláńgidi la ń ṣe fún àwọn ọmọdé níbí, apá 13, ìṣẹ́jú 28 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Amẹ́ríkà fẹ́ rà á, wọ́n á fi Gẹ̀ẹ́sì rọ́pò Yorùbá inú rẹ̀. Ṣé ká yọ ibi tí àwọn ọmọ ti ń kúnlẹ̀ kí àgbà àti ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́ jẹ iyán kúrò? — Màmá Ìbejì, Adó-Èkìtì

Ẹ má yọ ọ́, Màmá Ìbejì. Bluey, eré àwọn ajá láti Ọsirélíà, ohùn Ọsirélíà gan-an ni wọ́n fi ń gbé e jáde ní Amẹ́ríkà láti 2019, àwọn ọmọ ibẹ̀ sì ń wò ó. Nǹkan mìíràn ló máa ń dá irú iṣẹ́ yín padà.

Ìpolówó lẹ ó kọ́kọ́ wò. Bí ọmọláńgidi yín bá ń gbé bisikíìtì onígbọ̀wọ́ sókè láàárín eré, tó ń ní "ẹ sọ fún mọ́mì kí wọ́n rà á," ẹ gé e dànù pátápátá. Òfin wọn ti 1990 fi gbèdéke sí ìpolówó nínú eré àwọn ọmọ ọdún 12 sísàlẹ̀: ìṣẹ́jú 10 àbọ̀ nínú wákàtí kan lópin ọ̀sẹ̀, ìṣẹ́jú 12 láàárín ọ̀sẹ̀. Tí ẹ̀dá inú eré bá wá ń polówó ọjà nínú eré tirẹ̀, odindi eré náà ni wọ́n máa kà sí ìpolówó. Ta ló fẹ́ sanwó ìtanràn nítorí bisikíìtì?

Lẹ́yìn ìyẹn, gígùn rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń gba ìpolówó kì í fún eré ní ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 lọ nínú ààbọ̀ wákàtí. Ìṣẹ́jú mẹ́fà gbọ́dọ̀ kúrò nínú tiyín. Ẹ má bu díẹ̀díẹ̀ níbi gbogbo, eré á máa fò, ọmọdé ò sì ní lè bá a lọ. Ìran kan odindi ni kí ẹ yọ, pẹ̀lú orin tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ohùn ló le jù. Wọ́n á béèrè ọ̀rọ̀ ẹnu lọ́tọ̀, orin lọ́tọ̀, ariwo ẹsẹ̀, ilẹ̀kùn àti omi lọ́tọ̀. Bó bá jẹ́ máìkì kan ṣoṣo lẹ fi gba ọ̀rọ̀ àti ariwo omi Ìkògòsì pọ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá yọ Yorùbá kúrò, omi á bá a lọ, ìran á dákẹ́ lọ gbári. Ẹ padà lọ gba ariwo omi nìkan, ìṣẹ́jú méjì tó, kí ẹ fi dí i.

Ní ti ẹnu, orí yọ yín pé ọmọláńgidi ni. Kò ṣe ju kó ṣí kó padé lọ. Kí ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì ka iye ìgbà tí ẹnu ṣí, kó kọ ọ̀rọ̀ tó bá iye yẹn mu. Ibi ìkíni ni kó ti ṣọ́ra: tiwa gùn, tiwọn kúrú, ẹnu á ṣì máa ṣí lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ ti tán.

Kí ló dé tí obìnrin aláṣọ ìyeyè inú Power Rangers, eré Amẹ́ríkà nípa àwọn ọ̀dọ́ akọni alákoto, kò wọ síkẹ́ẹ̀tì bíi ti aláṣọ pínkì? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ọkùnrin ni ní Japan. Inú eré Japan ti 1992, Kyōryū Sentai Zyuranger, ni ilé-iṣẹ́ Saban, tó ṣe Power Rangers, ti mú ìran ìjà. Ìjà, ẹ̀rọ ńláńlá àti abàmì ẹ̀dá ló ń jẹ owó. Wọ́n mú wọn bẹ́ẹ̀, wọ́n wá ya ibi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń sọ̀rọ̀ tuntun ní Amẹ́ríkà. Akoto ló bo àṣírí: kò sẹ́ni tó rí ojú, kò sẹ́ni tó rí ẹnu. Nígbà tí wọ́n wá fi ọmọbìnrin ṣe aláṣọ ìyeyè ní 1993, aṣọ inú fíìmù kò ṣe é yí padà mọ́. Abala kejì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Aṣọ mìíràn ni àwọn akọni eré Japan tó tẹ̀ lé e wọ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà sì di aṣọ àtijọ́ mú. Ìran ẹ̀rọ àti abàmì ẹ̀dá ni wọ́n rí mú jù nínú rẹ̀; ìjà tí akọni aláṣọ àtijọ́ bá ti hàn, wọ́n ní láti ya á tuntun.

Àwòrán 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni kámẹ́rà wa ń yà. Wọ́n ní Amẹ́ríkà kì í lò ó. Ṣé ká yí i sí 30? — Ayàwòrán, Ìjerò-Èkìtì

Rárá, 23.976 ni kí ẹ yí i sí, pẹ̀lú ṣọ́tà (àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún àwòrán kan) 1/50 ìṣẹ́jú-àáyá, nítorí ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni iná ìjọba wa ń lù. Bí ẹ bá lo 30 pẹ̀lú 1/60, gílóòbù á máa ṣẹ́jú nínú fíìmù. Èyí tí ẹ ti yà ní 25, wọ́n á fà á lọ́ra: ìṣẹ́jú 22 á di ìṣẹ́jú 22 àti ìṣẹ́jú-àáyá 56. Ẹ gé e sí ìṣẹ́jú 21 kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Kí wọ́n sì gbé ohùn padà sókè, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́fà á máa fọhùn bí àgbà.

Tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré lẹ fi ń tanná, 50 yẹn kì í dúró. Ẹnìkan ki áyọ́ọ̀nù bọ iná báyìí, ó ti wálẹ̀, gílóòbù ti tún bẹ̀rẹ̀. Iná LED oníbátìrì ni kí ẹ lò fún ìran inú ilé.