Ìrìn-àjò ọjọ́ kan sí òdìkejì ẹnubodè: ẹ kọ́kọ́ ro ti ìpadàbọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọmọ mi, ọmọ ọdún 9, fẹ́ lọ lo ìsinmi ní Dubrovnik, lórílẹ̀-èdè Croatia. Físà Schengen, ìyẹn físà kan tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, ni wọ́n fún wa. Àwọn tó ń mú àlejò rìn kiri níbẹ̀ ní àwọn lè gbé wa lọ sí Mostar ní Bosnia láàárọ̀, kí a padà nírọ̀lẹ́. A ò ní sùn síbẹ̀. Ṣé ìrìn wákàtí díẹ̀ yìí náà nílò ìwé kankan?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Ẹ ṣí páásípọ́ọ̀tù yín síbi tí wọ́n lẹ físà mọ́, kí ẹ wo iye ìgbà tí wọ́n gbà yín láàyè láti wọlé. Ẹ wo ti ọmọ náà lọ́tọ̀. Bí ẹ bá rí 01 (ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo) nínú ọ̀kan nínú wọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lọ. Bí méjèèjì bá jẹ́ MULT (ìwọlé lọ́pọ̀ ìgbà), ọ̀nà là fún ìpadàbọ̀ yín.

Bosnia kò sí nínú Schengen. Bí ẹ bá ti kọjá ẹnubodè Croatia, ẹ ti jáde nìyẹn, ìbáà ṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ẹ lò lóde. Òfin kì í wò ó bóyá ẹ sùn tàbí ẹ ò sùn. Ìwọlé kan ṣoṣo tí 01 fún yín ti tán lọ́jọ́ tí ẹ dé Dubrovnik. Bí àwọn èèyàn ṣe máa wọ orílẹ̀-èdè kejì ló máa ń jẹ wọ́n lógún. Ibi tí wọ́n máa gbà padà ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ wo bí ó ṣe máa rí kí alẹ́ lẹ́ báni lẹ́nu ibodè pẹ̀lú ọmọdé, kí aṣọ àti oògùn wà ní hòtẹ́ẹ̀lì lódìkejì.

Kotor ní Montenegro, tí wọ́n tún máa fi lọ̀ yín, kò yàtọ̀: òun náà kò sí nínú Schengen. Ṣùgbọ́n Slovenia, Hungary àti Ítálì kò ní wàhálà yìí, torí Croatia ti wọ Schengen láti January 2023.

Èyí tó máa ń fara sin ni ọ̀nà Split, ìlú mìíràn ní Croatia, sí Dubrovnik. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fi mọ́tò gba etí òkun gbọ́dọ̀ la ilẹ̀ Bosnia kọjá ní Neum. Láti 2022 tí wọ́n ti ṣí afárá Pelješac, èèyàn lè dé Dubrovnik láìkúrò ní Croatia. Bí ẹ bá máa wọ bọ́ọ̀sì, ẹ béèrè ọ̀nà tó ń gbà kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ká ní MULT ni ti yín: Bosnia ní òfin físà tirẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹ́ńbásì wọn. Ẹ mú ìwé ìbí ọmọ àti lẹ́tà ìyọ̀ǹda òbí rẹ̀ kejì dání. Ẹ wò ó bóyá ìwé ìbánigbófò tí ẹ fi gba físà dé Bosnia, torí ti Schengen nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn ń bò. Ẹ pa dátà fóònù kí ẹ tó dé ẹnubodè. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún ìdúró lórí ìlà: láti October 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò àlejò, tí wọ́n sì ń gba àmì ìka rẹ̀ ní ẹnubodè Schengen. Ọmọ yín kò ní tẹ ìka, torí kò tíì pé ọdún 12.

Bí ó bá sì jẹ́ 01, ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Korčula, tàbí kí ẹ lọ wo odi àtijọ́ ìlú Ston. Inú Croatia ni méjèèjì wà, ẹ ò ní kọjá ẹnubodè kankan.