Tún sípíkà ṣe ná, kí o tó fọwọ́ kan gain

Àbúrò mi, o ní Deluxe Reverb (amp gìtá, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde) inú Helix rẹ, ẹ̀rọ tó ń ṣe àfarawé amp, máa ń dùn nínú headphone nílé, àmọ́ tó bá ti dé orí sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì, á máa kùn bí ẹ̀fọn. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi irú ẹ̀rọ yìí ṣeré ní ìsìn àti ní òde àríyá, ìṣòro yìí gan-an ló sì fìyà jẹ mí jù. Fi gain (agbára ohùn tó ń wọ inú amp) àti treble (ohùn òkè) sílẹ̀. Cab, ìyẹn àfarawé àpótí sípíkà àti máìkì inú Helix, ni kí o kọjú sí.

Deluxe Reverb tí Fender gbé jáde ní 1963, sípíkà kan ṣoṣo ló ní, onííǹṣì 12, nínú àpótí tó ṣí lẹ́yìn. Sípíkà gìtá kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé ohùn tó bá ga ju nǹkan bíi 5,000 Hz (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ga tó) lọ. Gbogbo ariwo tín-ín-rín tó bá ti inú amp wá, ibẹ̀ ló ń kú sí. Sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì ń gbé ohùn tó ga ju ìyẹn lọ fíìfíì, kò ní bá ọ bo ohunkóhun. Nítorí náà, cab tó bá wà nínú Helix ló gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ yẹn. Gbé máìkì inú cab náà kúrò ní àárín gbùngbùn sípíkà, sún un sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ohun tí ìyẹn máa yí padà ju ohun tí treble lè ṣe lọ. Ohùn máìkì SM57 máa ń mú. Tó bá ṣì ń gún ọ létí, gbìyànjú máìkì ribbon, irú tí ohùn rẹ̀ rọ̀, bíi R-121. Lẹ́yìn náà, gé ohùn tó bá lọ sílẹ̀ ju 80 Hz lọ kí o lè fi àyè sílẹ̀ fún gìtá béèsì, kí o sì gé èyí tó bá ga ju nǹkan bíi 7,000 Hz lọ.

Èkejì, etí wa kì í gbọ́ béèsì àti treble dáadáa tí ohùn bá lọ sílẹ̀. Fletcher àti Munson, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì, ti ṣàlàyé èyí láti 1933. Nílé, ìwọ lo ń bu méjèèjì sí i láìfura. Lọ́jọ́ Sunday tí wọ́n bá gbé e sókè, á ti pọ̀ jù. Tètè dé ibi ìdánrawò, bẹ ẹni tó ń bójú tó sáúǹdì kó gbé gìtá rẹ dé ibi tó máa wà lásìkò ìsìn, kí onílù àti oníbéèsì máa ṣeré lọ, kí o tó yí ohunkóhun. Jọ̀ọ́, má fojú kékeré wo èyí rárá.

Àwọn amp àtijọ́ bíi Deluxe, AC30 ti Vox àti Plexi ti Marshall kò ní master, ìyẹn bọ́tìnnì tó ń ṣàkóso agbára ìparí amp. Gbé Master inú Helix dé 10 fún wọn, kí o wá fi Drive (bọ́tìnnì gain inú Helix) wá ibi tí ohùn ti ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa fọ́. Fọ́lúùmù ara gìtá ni kí o fi ṣe ìyókù: tí o bá ń lu jùjú, dín in kù dé nǹkan bíi 6, ohùn á mọ́ kedere, tó bá kan sólò, gbé e sókè padà. Ẹni tó bá ń fi gbogbo agbára lu okùn ní gbogbo ìgbà kò ní rí ayọ̀ amp wọ̀nyí.

Tó bá jẹ́ inú amp gidi lo ti ń ki Helix, pa cab pátápátá. Sípíkà ti wà níbẹ̀.