Ẹ Bi Wá: Ẹ̀jẹ̀ àti Ọkàn Ń Ṣàìsàn, Ẹ̀dọ̀ àti Ẹ̀dọ̀fóró Ń Jìyà

ÌBÉÈRÈ: Àrùn fòníkú-fọ̀ladìde ló ń bá ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 9, fínra. Ẹsẹ̀ àti ìhà ló ń dùn ún tí a fi gbé e lọ sí ọsibítù. Kàkà kí wọ́n jẹ́ kó sinmi, wọ́n ní kó máa fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ látinú ike kan ní wákàtí méjì-méjì. Kí ló kan ẹ̀dọ̀fóró nínú ọ̀rọ̀ egungun?

ÌDÁHÙN: Ó kàn án gan-an, ìyá wa. Bí ọ́síjìn bá dín kù nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín, sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ á tẹ̀ bí dòjé, á sì le. Irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kì í lè gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín kọjá. Ńṣe ló ń há síbẹ̀. Ohun tó ń fa ìrora egungun nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ tí ìhà ń dùn: bó bá ti mí kanlẹ̀ ló ń gún un, á wá máa mí féfé. Ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró tí afẹ́fẹ́ kò dé á pa dé, ọ́síjìn á dín kù níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì mìíràn á tẹ̀, òun náà á há. Ọ̀rá láti inú mùdùnmúdùn egungun tó ti kú sì lè bá ẹ̀jẹ̀ rìn dé ẹ̀dọ̀fóró, kòkòrò àìsàn náà lè wọlé sí i.

Ọjọ́ kejì sí ìkẹta ìrora ni ẹ̀rù máa ń bà wá jù. Ọmọ tí àyà rẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ tó wọlé lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, kó máa wúkọ́, kó máa mí hẹlẹhẹlẹ, kí àwòrán X-ray sì fi ibi funfun tuntun hàn. Ó wà lára ohun tó ń pa àwọn tó ní àrùn yìí jù, nítorí náà ẹ má fi ike yẹn ṣeré rárá.

Kí ọmọ jókòó ṣánṣán, kó mí síta tán, kó fi ètè di ẹnu ọ̀pá náà pa, kó wá fa afẹ́fẹ́ sínú díẹ̀díẹ̀ títí bọ́ọ̀lù kékeré inú rẹ̀ á fi gòkè. Kó dá èémí dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 3 sí 5 kó tó tú u sílẹ̀. Ìgbà 10 ni kó ṣe é lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí kò bá sùn. Fífà ni o, kì í ṣe fífẹ́. Ibẹ̀ ni ọmọdé ti sábà máa ń ṣì í ṣe. Bí ìrora kò bá jẹ́ kó lè fà á, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì: òògùn ìrora tó kéré jù kò ní jẹ́ kó mí kanlẹ̀, èyí tó pọ̀ jù á mú èémí rẹ̀ rọlẹ̀. Dírípù tó pọ̀ jù náà máa ń kún inú ẹ̀dọ̀fóró, ẹ má bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi kún un.

Nílé, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ìka á sọ ìwọ̀n ọ́síjìn. Ẹ kọ iye tó máa ń jẹ́ nígbà tí ara rẹ̀ dá sílẹ̀. Bó bá fi 3 wálẹ̀ sí iye yẹn, tàbí tí kò tó 92, ọsibítù ni, kódà lóru. Kí ọwọ́ lọ́wọ́ọ́wọ́, kí ọ̀dà má sì sí lórí èékánná, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ á purọ́. Ẹ bi dókítà léèrè nípa hydroxyurea, òògùn tó máa ń jẹ́ kí ìṣòro ẹ̀dọ̀fóró yìí ṣọ̀wọ́n. Wọ́n á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò bó bá ń lò ó.

ÌBÉÈRÈ: SS ni mí. Ẹyinjú mi máa ń ní àwọ̀ ìyeyè. Ṣé ẹ̀dọ̀ mi ti bàjẹ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ó lè má jẹ́ ẹ̀dọ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa tó yẹ kó lo nǹkan bí ọjọ́ 120 kì í lò ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ lára yín. Èyí tó bá fọ́ ló ń di àwọ̀ ìyeyè yẹn. Àmọ́ bó bá ṣàdédé pọ̀ sí i, tí ìtọ̀ dúdú, tí ìgbẹ́ funfun bí ẹfun, tí abẹ́ ìhà ọ̀tún ń dùn pẹ̀lú ibà, ẹ má dúró: òkúta lè ti dí ọ̀nà òróòro, tàbí kí sẹ́ẹ̀lì ti há sínú ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ń gba ẹ̀jẹ̀ léraléra, irin bíi mílígíráàmù 200 sí 250 ló wà nínú àpò kan, ara kì í sì í dà ju 1 sí 2 nù lóòjọ́. Ìyókù ń kó jọ sínú ẹ̀dọ̀. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ferritin yín wò, èyí tó ń fi irin tó ti kó jọ sára hàn nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ má sì dá òògùn irin rà mu.

ÌBÉÈRÈ: Ọkàn bàbá mi kò lágbára mọ́. Ikùn wọn ti wú, wọ́n ní ẹ̀dọ̀ ni. Wọn kì í mutí. Ṣé ká wá òògùn ẹ̀dọ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ má wá a, ọkàn ni kí ẹ tọ́jú. Apá ọ̀tún ọkàn ló ń gba ẹ̀jẹ̀ tó ń padà bọ̀, ẹ̀dọ̀ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an. Bí iwájú gọ́tà bá dí, ẹ̀yìn ni omi ń padà sí: ẹ̀jẹ̀ á kún inú ẹ̀dọ̀, á wú, á fa awọ tó bò ó, abẹ́ ìhà á máa dùn wọ́n. Bí dókítà bá rọra tẹ ibẹ̀, iṣan ọrùn wọn á yọ sókè.

Bó bá jẹ́ apá òsì ni, ẹ̀dọ̀fóró ni omi ń lọ. Ẹ máa ka ìrọ̀rí: ẹni tó ń fi 1 sùn tó wá di 3, omi ti ń wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Bí wọ́n bá ń wú ìfófó tó pọ́n díẹ̀ jáde, ẹ gbé wọn jókòó kí ẹsẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, kí ẹ pe ọkọ̀ ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Kí wọ́n gun òṣùwọ̀n láràárọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá tọ̀, kí wọ́n tó jẹun, nínú irú aṣọ kan náà. Bó bá fi kìlógíráàmù 2 lé láàárín ọjọ́ 3, omi ni, kì í ṣe ọ̀rá. Ẹ pe dókítà. Òògùn ìrora bí ibuprofen àti diclofenac ń dá iyọ̀ àti omi dúró sínú ara, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lò ó. Bí wọ́n bá ń lo warfarin, òògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, kí wọ́n tètè tún ẹ̀jẹ̀ wọn yẹ̀ wò, nítorí ẹ̀dọ̀ tó wú kì í pèsè èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì tó bó ṣe yẹ. Ìwọ̀n òògùn tó bá wọn mu lánàá lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dà lónìí. Bí omi bá ti jáde, ẹ̀dọ̀ sábà máa ń sọ̀, àfi bó bá ti pẹ́ tó fi dápàá. Ẹ mú ìwé tí ẹ ń kọ ìwọ̀n sí dání lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ rí dókítà.